Aago Ọwọ́ Wàsíù

Ilé wa ní Ìbá,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Tàíbátù ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé oòrùn Àbújá kò pa yín jù? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú tí a kò ti ní ìbátan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ìbátan rẹ níbẹ̀. Ohun tí ò ń wá lọ, wàá rí i mú bọ̀ wálé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú burúkú wò ọ́, oorun ni yóò máa kùn ún. Àmín. Akeem onímọ́tò tó ń gbé lójúlé kejì sí wa ló ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ yín, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ fóònù kì í jẹ́ kí àgbàlagbà sọ̀rọ̀ tán, bí mo bá sì dákẹ́ díẹ̀ láti nu imú, ìwọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún. Àwọn tó ń ṣe títì ti tún gbẹ́ ilẹ̀ ní Okokomaiko, ẹsẹ̀ la fi ń rìn kọjá ibẹ̀ bí a bá ń lọ sí Ọ̀jọ́. Ọdúnayọ̀ tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa ti bímọ, ọmọ náà ń ké bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Mo mọ̀ pé ò ń bínú sí mi. Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, o ní gbogbo ẹbí ti gbà pé Wàsíù ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, èmi nìkan ni mo ní kò kú, tí mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀, tí mo sọ gbogbo wa di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó wà nínú mi, torí náà fara balẹ̀ kà á.

O rántí aago ọwọ́ tí Wàsíù rà nígbà tó jáde nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ṣójà àṣàyàn, àwọn tí wọ́n máa ń kó lọ síbi tí ṣójà yòókù kò lè dé. Àṣà wọn ni. Àwọn tó bá là á já, wọn a jọ dáwó, wọn a ra irú aago olówó ńlá kan náà, wọn a fín àmì ẹgbẹ́ wọn sí i lẹ́yìn. Nígbà tó sọ iye rẹ̀ fún mi, mo wá àga jókòó. Mo ní ìwọ Wàsíù, owó tó lè fa màlúù jáde ní Alaba Rago lo so mọ́ ọrùn ọwọ́, kí o ṣáà lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Mo ní kí ló ṣe aago inú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù máa ń kú, fóònù sì máa ń ṣòfófó ibi téèyàn wà fún ọ̀tá. Mo bi í pé bátìrì tirẹ̀ ńkọ́, ó ní kò ní bátìrì. Ó ní ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń gbé e rìn. Bí ọwọ́ bá ti ń mì, aago á máa lọ, bí wọ́n bá bọ́ ọ kalẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀túnla, ó ti dúró. Ó bọ́ ọ, ó fi sí mi létí, mo gbọ́ ọ tó ń lù bí àyà òròmọdìyẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé aago yìí kò lè rìn láìsí alààyè nídìí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ṣójà wá láti báráàkì Ọ̀jọ́, ọ̀gá kan tí ìràwọ̀ wà léjìká rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà. Ó ní Wàsíù ti ṣubú lójú ogun lókè Ọya lọ́hùn-ún, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀ ní ìlànà Mùsùlùmí. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Gbóyèga, ọ̀rẹ́ Wàsíù tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà, bá wọn wá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú aago yẹn jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo fi sétí. Ó ń rìn.

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òkú kì í mi ọwọ́. Aago tí kì í rìn kọjá ọ̀túnla ṣì ń rìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a jẹ́ pé ọwọ́ alààyè ni wọ́n ti bọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ta ló sì ni aago bí kò ṣe Wàsíù? Mo ní ọmọ mi wà láàyè, àṣírí ogun ni wọ́n ń bò, wọ́n ti fi í pamọ́ sí báráàkì kí ọ̀tá má bàa mọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀gá náà ń wo ilẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ fìdáù. Àwọn ààfáà wá, mo fún wọn lómi tútù, mo ní kí wọ́n kàn bá mi ṣe àdúrà onírìn-àjò fún un. Moṣọpẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ti bọ́ yẹtí, ó fẹ́ jókòó opó, mo pàṣẹ fún un kó fi yẹtí rẹ̀ sí i padà, mo ní kò sí opó nínú ilé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Mo tilẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí ẹnu géètì báráàkì, mo ní kí wọ́n bá mi fún Wàsíù, pé bàbá rẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣójà ẹnu géètì gbà á lọ́wọ́ mi, kò bá mi jiyàn, mo sì ka ìyẹn náà sí ẹ̀rí.

Mo ń pe fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, kì í bínú bó ti wù kí n pè tó. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ yára jù fún mi, Ọdúnayọ̀ ló bá mi túmọ̀ rẹ̀: ó ní ọwọ́ kò lè tó ẹni tí mò ń pè báyìí, kí n tún pè tó bá yá. Mo ní ẹ ò rí i? Ṣé wọ́n máa ń ní kéèyàn padà wá pe òkú tó bá yá ni? Mo kí obìnrin náà, mo ní kó bá mi kí i. Ọdúnayọ̀ gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Gbóyèga nìkan dá wá. Kò wọ aṣọ ṣójà, aago tirẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé Wàsíù ló rán an. Mo mú aago jáde nínú àpótí, mo fi hàn án pé ó ti dúró láti ìgbà tó ti kúrò lára ẹni tó ni ín, mo ní kó bá mi mú un padà lọ fún un. Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ mi ló wà.”

Mo ní kí ló ń wí. Ó ní àṣà wọn mìíràn ni, bóyá Wàsíù kò fẹ́ sọ èyí fún mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò bọ́ aago rẹ̀, tí yóò fi sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó dúró lójú ọ̀nà títí yóò fi fi í lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Aago méjì ló wà lọ́wọ́ òun láti ojú ogun dé Ìbá, òun fi sùn, òun fi wẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni òun ti bọ́ ọ sápò, torí òun kò fẹ́ kí n rí aago ọmọ mi lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní òun rò pé òun ń bu ọlá fún mi ni. Inú bí mi, mo fẹ́ lé e jáde, torí ká ní ó fi aago yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ kí n rí i ni, mi ò ní ṣìnà tó báyìí. Ṣùgbọ́n ó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í. Mo ní nígbà tó ń bọ́ aago náà, ṣé ọwọ́ ọmọ mi ṣì gbóná? Ó ní, “Ó gbóná, Bàbá. Ó di ọwọ́ mi mú, nígbà tó yá ó jọ̀wọ́ mi.”

Mo sunkún, Tàíbátù. Níṣojú ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti sunkún, mi ò tijú. Ìyá rẹ jáde wá, ó jókòó tì mí, kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n pe Moṣọpẹ́, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un kó bọ́ yẹtí. Ìyá rẹ ní kí n má dààmú. Ó ní láti ọjọ́ kìíní ni Moṣọpẹ́ ti ń ṣe opó ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, kìkì ìgbà tó bá ń bọ̀ wá kí mi láàárọ̀ ló máa ń fi yẹtí sí i, kí ọkàn mi má bàa bàjẹ́. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fi fìdáù sí. A ó pa àgbò, àwọn ààfáà ó jẹun, owó ọwọ́ mi kò sì ká a, torí náà bá wa fi nǹkan ránṣẹ́. Inú àkáǹtì ìyá rẹ ni kí o fi sí, má fi sí tèmi, ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Igbó-Elérin ti gbé káàdì mi mì. Mo dúró tì í pẹ́, mo rò pé yóò pọ káàdì náà, kò pọ̀ ọ́. Má sì sọ pé kí n ta aago. Ẹnì kan ti wá láti Alaba béèrè rẹ̀, mo ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mi ò wọ̀ ọ́ o. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Wá sílé, má fi iṣẹ́ ṣàwáwí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún wa pé ọmọ ni yóò sin wá, tí mò ń ṣe àmín sí i bí ẹni ń dáhùn ẹ káàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀, èmi tí mi ò tilẹ̀ rí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìwọ nìkan ló kù. Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n tún ṣí fìlà wá bá mi nítorí rẹ. Kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí o wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé mi jáde. Ṣe àmín, ṣe é sókè kí ọkọ rẹ gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tí gbogbo Ìbá ṣì ń pè ní Bàbá Wàsíù.