Bóòtù Tí Mo Dè Ní Gbígbẹ

Ìyá Kékeré, ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó àwọn tó kù. Mo kí gbogbo àgbà agbo ilé wa ní Gàmbàrí, tọkùnrin tobìnrin. Ràfátù ìyàwó mi kú nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí ń parí lọ. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mi ò kàwé, Àfáà àdúgbò ló ń bá mi kọ èyí. Mo fẹ́ kí wọ́n kà á sókè létí gbogbo ilé, torí ojú ń tì mí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ṣì máa fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni níbí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi létí ọ̀sà. Èmi ni mò ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Àlùmíníọ̀mù ni ara ọkọ̀, irin funfun tí kì í dógùn-ún ni bóòtù tí mo fi ń de ẹ́ńjìnnì. Tí méjèèjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, àlùmíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, á yọ ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun náà á wú, á di bóòtù mú pinpin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé rọ́bà túùbù sábẹ́ orí bóòtù, tí mo ń fi nǹkan ọlọ́ràá pa á kó tó wọlé, tí mo sì ń tú u lóòrèkóòrè láti tún un pa.

Òrí tí Ràfátù ń fi rán awakọ̀ sí mi láti Ọ̀fà Garage ni mò ń lò. Ọ̀gá mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, a ní ṣé ọkọ̀ ni mò ń dè ni àbí ọmọ tuntun ni mò ń wẹ̀. Ó ra gírísì tó wà fún irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Ká sọ òótọ́, gírísì náà pẹ́ nínú omi ju òrí lọ. Mo ní kó gbé e lọ, pé ti ìyàwó mi tó mi.

Nígbà tó kú, òrí ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú abọ́. Ojú ìka rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò sì lè tọrọ gírísì tí mo ti fẹnu ara mi kọ̀. Ni mo bá ń de bóòtù ní gbígbẹ, láìsí rọ́bà pàápàá.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ni ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ dè bẹ́ẹ̀. Ọkọ òun náà ti kú, ọkọ̀ yẹn ló sì fi ń gbé èrò àti ẹ̀fọ́ sọdá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá tú u. Bóòtù kò yí. A ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn, a tẹ̀ ẹ́. Orí bóòtù já, ìdí ọkọ̀ sán. Gbogbo ará etí omi dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá ní, Bàbá, òrí dà? Ìyá Bọ́sẹ̀ kò bú mi. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, òun náà ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná ṣáá. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mo ti ń lu àwọn bóòtù náà jáde báyìí. Gírísì ọ̀gá ni màá fi pa àwọn tuntun. Mo ti sọ àwọn ọkọ̀ yòókù tí mo dè bẹ́ẹ̀ fún un, a ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ fídáù, Àmínátù àkọ́bí mi ní kí n má padà síbí mọ́. Mo jágbe mọ́ ọn lójú àlejò, mo ní kò tíì tó ẹni tó ń pàṣẹ fún mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé ojú ara mi kò tó mi wò mọ́. Tí ọkọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ bá ti padà sómi, Àmínátù ni kó sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n wálé. Ohun tó bá sọ ni màá ṣe, mi ò ní jiyàn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fi àlùjánnà kẹ́ Ràfátù. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sálíù