Àwọn Tí Kò Lè Sọ Ibi Tó Ń Dùn Wọ́n

Àbíkẹ́yìn mi, dókítà mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí orí ìdúró lo ṣì ti ń jẹ ẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ilé ìwé tó sì mú ọ jáde kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ láàárín ọ̀nà. Ara tèmi náà le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Fóònù tó o rà fún mi ló ní òun ti kún. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ gbàgàdà, tíṣà àdúgbò wa ló kà á fún mi. Mi ò mọ ohun tó wọ inú rẹ̀, torí mi ò gbé e síbi tí omi wà rí. Mo dojú rẹ̀ dé sórí àwo láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sí ohun kan tó dà jáde. Mo sì tún rò ó pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú fóònù, nítorí ọ̀nà jìn. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́, mi ò gbé e fún tíṣà. Tó o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, ibẹ̀ ni mo ti dìde. Láti ọjọ́ mélòó kan, mi ò lè jókòó pẹ́. Mo kọ gbólóhùn kan, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé, mo kọ òmíràn, mo lọ wo ojúde.

Adìẹ ti yé ẹyin mẹ́fà sínú àpótí ìwé rẹ, ó sì ń sàba lórí èyí tó nípọn jù, èyí tó ní àwòrán eegun. Mi ò lé e. Mo ní bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ á gbọ́n ju ìyá wọn lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ o, mi ò bínú, mo kàn fẹ́ kó o gbọ́ ni. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé dókítà ọmọdé ni ọmọ mi. Ìwọ lo fà á. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dun ìyàwó bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ní kí n mú un wá bá ọ, o ní kì í ṣe irú wọn lò ń tọ́jú. Mo ní irú àwọn wo wá ni. O ní àwọn tí kò lè sọ ibi tó ń dùn wọ́n ni. Ta ló tún kù tí kì í bá ṣe ìkókó? Mo gbé òwú kalẹ̀, mo hun fìlà ọmọ ọwọ́ méjìlá, mẹ́fà aláwọ̀ ewé, mẹ́fà pupa, mo fi rán awakọ̀ sí ibi iṣẹ́ rẹ. O kọ̀wé padà pé o dúpẹ́, pé wọ́n dára, pé òtútù máa ń mú níbi iṣẹ́ yín. Mo ní kó o rí i pé ẹ ń dé e fún wọn dáadáa kí ó bo etí. Ọmọ mi, fìlà méjìlá yẹn dà?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Bíríkìlà ti kú. Òun náà ni, ẹni tó mọ ògiri ilé ìwẹ̀ wa, tó máa ń pè ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òpá nígbà tó o wà ní kékeré. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ lábẹ́ páànù. Nígbà tó wọlé láti jí i, kò jí mọ́. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí ibi tó wú, ọkùnrin tó gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú mi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ètè rẹ̀ tiẹ̀ pupa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, wọ́n wo ìkòkò ìrẹsì, wọ́n wo ìyàwó. Ibẹ̀ ni mo ti ti ẹnu mi bọ̀ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ tí tọkọtaya náà ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, mo sì gbọ́ tí ìyàwó ní ìrẹsì yìí ni oúnjẹ tó máa jẹ kẹ́yìn lọ́wọ́ òun. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Nígbà tí ọlọ́pàá tí wọ́n pè dé, tó béèrè ẹni tó mọ nǹkan, mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo tiẹ̀ ṣe ohùn rẹ̀ fún wọn. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á sí mi létí, mo buwọ́ lù ú, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ mi wọ inú ìwé. Ọmọ mi, inú mi dùn. Wọ́n mú obìnrin náà lọ, ọṣẹ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní wọn ò tíì lè sin bíríkìlà, pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní dókítà yẹn ti pẹ́ jù, kí ló tún fẹ́ wò? Ọlọ́pàá ní ẹlẹ́rìí ni mí, kí n tẹ̀lé àwọn ẹbí lọ sí ọsibítù ńlá. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níta, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ògiri dé ìdajì, òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ń ta èèyàn nímú. Akọ̀wé kan na fọ́ọ̀mù sí mi láti ojú fèrèsé kékeré. Wọ́n bi mí ní orúkọ, mo kọ orúkọ mi. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ orí, mo kọ ọ́, mo yọ ọdún méjì kúrò. Wọ́n bi mí ní ìgbà tí wọ́n rí mi láàyè kẹ́yìn àti ẹni tó rí mi. Ìbéèrè yẹn le díẹ̀, mo rò ó títí, mo wá kọ pé àárọ̀ òní, awakọ̀ tó gbé wa wá ni. Mo buwọ́ lù ú, mo dá a padà. Akọ̀wé wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní Màmá, apá ti òkú lẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí. Mo ní kó pa á rẹ́ kíákíá, ó ní wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé ìjọba, ó fà á ya, ó fún mi ní òmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kó èyí tó ya fún mi, mo sì dáná sun ún nígbà tí mo délé. Mi ò lè jẹ́ kí orúkọ mi sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn.

Nígbà tó yá, dókítà náà jáde, àgbàlagbà ọkùnrin tó wọ bàtà rọ́bà funfun, ó ń nu ọwọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ le ni mo ń retí, àmọ́ ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa, kò dúró lé wa lórí. Ó bi àwọn ẹ̀gbọ́n bíríkìlà pé ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nílé náà. Wọ́n ní ó wà. Ó ní níbo ló wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń wo ara wọn, èmi ni mo dáhùn, torí mo gbọ́ ariwo rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo ní ìta ló máa ń wà, àmọ́ nítorí òjò, bíríkìlà gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa gbogbo fèrèsé dé. Dókítà ní òun ti fi ẹ̀jẹ̀ òkú náà àti ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí a ní sùúrù. Mo ní kó sọ èyí tó rò fún wa. Ó ní òun kì í sọ èyí tí òun rò.

Kí n lè mú un lọ́rẹ̀ẹ́, mo ní èmi náà bí dókítà, ìkókó ló ń tọ́jú. Ó béèrè orúkọ rẹ, mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Màmá, èmi ni mo kọ́ ọmọ yín níṣẹ́ yìí. Ó ní òkú tó bá rú òun lójú, ọ̀dọ̀ rẹ ni òun ń kọ̀wé sí. Mo ní òkú kẹ̀. Ó ní òkú ni. Mo ní ìkókó ńkọ́. Ó ní nígbà mìíràn, ìkókó náà, ó sì wo ilẹ̀. Mo jókòó. Mo ti wà lórí ìjókòó tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo tún jókòó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró de èsì, ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìyàwó bíríkìlà fi wà ní àtìmọ́lé. Aṣọ tó ń fọ ṣì wà nínú bàsíà, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ fọ̀ ọ́, mo sá a. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá ọlọ́pàá pé mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ó ní Màmá, kì í ṣe owó tí ẹ fi sí báǹkì. Mo ní tó bá jẹ́ báǹkì ni, wọn ì bá ti fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Wọ́n pè wá padà lọ́jọ́ kẹwàá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Dókítà náà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tó ń pani nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ bíríkìlà fi pupa yòò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí májèlé kankan nínú ikùn rẹ̀. Ìrẹsì lásán ni.

Wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ò yọjú, èmi ni mo lọ mú un. Mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ, nígbà tó jáde, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká lórí mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ò gbà, mo wá dúró ní ìlàjì bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Ó fà mí dìde. Ó ní Màmá, ohun tí ẹ gbọ́ lẹ sọ, ẹ ò parọ́ mọ́ mi, ẹ ò kàn gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e ni. Ó ní òun sọ fún un pé ọ̀la ni òun ń lọ kí ìyá òun, kó máa se tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó mọ bí iná ṣe ń gbóná, ni àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò gbọ́.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, mo ti jáde, mo ń kan ilẹ̀kùn kiri, mo ń béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà. Kápẹ́ńtà lé mi jáde, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Gbé-e-Síta. Mo gbé fìríìjì wa náà síta fún ọjọ́ méjì, torí òun náà ń kùn, tíṣà ló ní kí n gbé e wọlé.

Ìyàwó náà ń sùn ní yàrá rẹ báyìí. Lánàá, bí a ṣe ń ká aṣọ, ó bi mí ní ohun kan, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ó ní nígbà tí òun ń fọ aṣọ lọ́jọ́ náà, òjò ń lu páànù, òun sì ń kọrin. Ó ní ṣé ọkọ òun pe òun? Ṣé ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ara rẹ̀, tó pè, tí orin ò jẹ́ kí òun gbọ́? Mo ní kò pè é. Ó ní Màmá, ẹ ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀.

Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ ránṣẹ́ bó ṣe rí gan-an, má tìtorí tèmi fi ṣúgà sí i. Tó bá jẹ́ ojú oorun ló ti lọ, kọ ọ́ gàdàgbà kí òun fúnra rẹ̀ lè kà á. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ náà, mo máa wá bí mo ṣe máa jókòó tì í.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó o bá rí. Mo fẹ́ ra páànù fún àwọn tó ní òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé tiwọn síta, mo sì fẹ́ fi ìyókù wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Má gba ti báǹkì, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo dúró dè é títí di ìrọ̀lẹ́, kò dé. Tí mo bá wá, mi ò ní wọ inú ibi iṣẹ́ rẹ. Bẹ́ǹṣì ìta ni mo fẹ́ jókòó sí, pẹ̀lú àwọn tó ń dúró.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ojú rẹ ò ní fo ohun tó yẹ kó rí. Àwọn tó o ń ṣiṣẹ́ fún, tí wọn ò lè dúpẹ́, Ọlọ́run á bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá sì ti ń gbé wọn wọlé wá bá ọ lójoojúmọ́, tí o ń ṣí aṣọ lójú wọn, o ò ní rí ojú tó o mọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.