Ìkíni Tó Kù Lẹ́nu: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Ẹyọ-Ọ̀rọ̀-Kan

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1949 ni a bí Bàbá, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bàbá tó bí i ló ń ránṣọ níwájú. Ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ní kéú lẹ́yìn. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́fà. Ariwo ẹ̀rọ àti ohùn kéú ló kọ́kọ́ gbọ́ láyé, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá pa rọ́rọ́.

Ó gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní 1972. Ní 1975, ó gbé Màmá níyàwó, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tà. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò kọjá kíkí, síbẹ̀ òun ni Bàbá ń ka gbogbo ìwé tó bá túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún. Bí Màmá bá ti ń hanrun, Bàbá á ní ojú ìwé yẹn kò dára, á tún un kọ. Àṣé nígbà mìíràn, àárẹ̀ búrẹ́dì lásán ni!

Ó lé ní ogójì ọdún tí Bàbá fi ń túmọ̀ ìwé ìtàn àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá òde òní sí Gẹ̀ẹ́sì, ìwé mẹ́tàdínlógún. Lárúbáwá àtàtà ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn inú wọn bá lanu, èdè ìgboro ni. Gẹ̀ẹ́sì a sì fẹ́ wọ aṣọ kan náà fún gbogbo wọn. Àwọn olùtẹ̀wé a tún máa béèrè pé aṣálẹ̀ dà. Bàbá á ní, “Ìyá àti ọmọ ló ń jà nítorí ilé ìdáná. Ràkúnmí wo ló fẹ́ wọbẹ̀?”

Bàbá kì í pa ìrun jẹ. Lẹ́tà ilé ẹjọ́, ìwé oògùn, ọ̀fẹ́ ló ń túmọ̀ wọn fún aráàdúgbò.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá ìwé kejìdínlógún dúró: naíman. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun ni wọ́n fi ń kí, pé kí ìtura náà bá a kalẹ́. Nínú ìwé náà, bàbá kan tó ti bá ọmọ rẹ̀ yodì fún ọdún méje rí ọmọ náà tó ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé. Naíman nìkan ló sọ, ìjà parí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Olótùú ní kí Bàbá yọ ọ́. Bàbá ní bí a bá yọ ọ́, ìjà ò parí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Bàbá ń lọ gẹ irun. Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà: “Tí mo bá dé, fi naíman kí mi. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára.” Màmá ní òun ti gbọ́. Àfi ìgbà tí Bàbá dé tí orí ń kọ mànà! Màmá bú sẹ́rìn-ín: “Háà! Àwo tuntun wo lẹ gbé wọlé yìí?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí tábìlì, ó mú bírò. Kí tíì tí Màmá gbé fún un tó tutù, Bàbá ti lọ. Kò ṣàìsàn, orí kò fọ́ ọ. Ikú kò tilẹ̀ ké àgò. Títí di òní, ẹnu wa ṣì là sílẹ̀.

Ó fi Màmá, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sáyé lọ. Àkọ́bí wọn obìnrin, olùkọ́ èdè, ni yóò parí ìwé náà. Àyè lásán ni Bàbá fi sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ béèrè pé kí ni kí òun fi síbẹ̀. Màmá ní kó kọ naíman bó ṣe wà. Ẹni tí kò bá yé, kó wo ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun yẹn, yóò yé e.

Bàbá, wọ́n ti wẹ̀ fún yín. Orí yín ṣì ń dán. Màmá kò gbàgbé mọ́. Ìkíni tó kù lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

Naíman, ọkọ mi. Ẹ sùn re o.