Tábà Bàbá Rẹ Nínú Ilẹ̀

Ìgbẹ́kẹ̀lé ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti Ìníṣà. Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ò ṣòjòjò? Olúwa tó ń ṣọ́ mi níbí náà ni yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, Mákánjúọlá àbúrò bàbá rẹ ti kó tirẹ̀ lọ sọ́jà Òkukù, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì, ọ̀kan ló kàn ń tiro díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan wá sí àdúgbò wa, wọ́n fi ike kékeré kọ́ sí yàrá oníkálukú, wọ́n ní ó ń wo gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù, tó ń ti inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ gba ibi tí ilẹ̀ yàrá ti sán wọlé. Mo ní ṣé a ò lè fa rọ́bà sí i kí n máa fi dáná, nítorí iye tí wọ́n ń ta gáàsì ní Ìkìrun ti kọjá àfẹnusọ. Ọmọ́dára tó ṣáájú wọn ní rárá o, kò ṣe é dáná, kò ṣe é rí, kò sì ní òórùn, àmọ́ ẹni tó bá ń fà á símú fún ọdún gbọọrọ nínú yàrá tí a tì pa, ó lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bíi ti ẹni tó ń mu sìgá.

Ibi tó ti dárúkọ sìgá yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ìwọ náà mọ̀ pé inú yàrá mi la sin bàbá rẹ sí, ibi orí rẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ sì ti sán. Mo ní háà, ọkùnrin yìí ò tíì jáwọ́ nínú tábà. Ó ṣèlérí fún mi lórí àìsàn pé òun ti jáwọ́, mi ò mọ̀ pé ó ń gbé ìkòkò tábà lọ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbẹ́nu síbi tó sán náà, mo bá a wí gidigidi pé bí ó bá ti kú, kí ó jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró tèmi sinmi. Síbẹ̀ mi ò gbà kí Mákánjúọlá fi sìmẹ́ńtì dí i, mi ò sì ṣí fèrèsé, torí bàbá rẹ ò fẹ́ràn òtútù, ibẹ̀ náà la sì ti ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

Nígbà tí wọ́n mú èsì dé, tiwa pọ̀, ṣùgbọ́n ti Dúródọlá, opó tó ń ta ẹmu lódìkejì wa, pọ̀ ju tiwa lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé, inú bí mi. Ẹni tó ti kú tún ń lọ jókòó sílé ẹlẹ́mu. Mi ò kí Dúródọlá mọ́, bó bá sì kí mi, ewúrẹ́ ni mò ń wò.

Ọmọ́dára ló bi mí léèrè ohun tó ṣe mí, mo sì rò fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí, ó ní, “Màmá, kì í ṣe bàbá. Àpáta ni. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wọn.” Ó ní kí n máa ṣí fèrèsé, kí n sì wá ẹni tó máa dí ilẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn pé ọkọ mi ò lọ sílé ẹlẹ́mu, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Mo ti gbà pé ẹnì kan ṣì ń mí níbẹ̀.

Mo ti ṣí fèrèsé o, mo sì ti lọ bẹ Dúródọlá. Pálọ̀ ni mò ń sùn báyìí. Owó sìmẹ́ńtì àti ti bíríkìlà ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù, torí èyí tó wọlé lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, mi ò rí ibi tó ń gbà jáde. Mú un wá fúnra rẹ. Láti ọjọ́ ìsìnkú o ò tíì wálé. Mo ti ní kí bíríkìlà dúró dè ọ́, bí o bá ní ohun tí o fẹ́ bá bàbá rẹ sọ, wá sọ ọ́ kí a tó dí i. Mo mọ̀ pé kò gbọ́. Ṣáà wá sọ ọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ, ilé ò ní lé ọ, oko ò ní kọ̀ ọ́, nígbà tí o bá sì dé, orí ilẹ̀ ni wàá bá mi, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Keziah