Kòkó Là Ń Sá, A Kì í Sá fún Òṣùwọ̀n

Ìṣẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsìn ìkórè.

Ẹniọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí, tí ó sì fún ọwọ́ ọ̀tún mi ní agbára láti di kálámù mú lónìí. Mo kí ọ, mo kí Morákinyọ̀ ọkọ rẹ, mo sì kí Ògoolúwa ọmọ-ọmọ mi, kí ó má ṣe gbàgbé orin tí mo kọ́ ọ nígbà ọlidé. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń béèrè ní gbogbo ìgbà pé ibo ni mo bá a dé, bí ẹni pé ọkọ̀ ni lẹ́tà.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò ọdún yìí kọ̀, kò fẹ́ lọ. A ti ká kòkó, a ti fọ́ ọ, a ti bò ó, ṣùgbọ́n oòrùn kò jáde kí a rí i sá dáadáa, iwájú ilé wa sì ń rùn bí ọtí kíkan. Ìjọ ṣe ìkórè, wọ́n ní kí n gba àdúrà ìparí, mo sì gbà á gùn díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ wà lọ́kàn mi. N kò dárúkọ rẹ. Ọmọ kan tí ó wà ní Èkó ni mo ń pè ọ́, ṣùgbọ́n Ìbíwùmí àbúrò mi ṣe àmín tó gùn ju àdúrà náà lọ, ó sì nu ojú, báyìí ni gbogbo ìjọ ṣe mọ̀ pé ọmọ wa ni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ní Ọjọ́rú tó kọjá ni fóònù mi dún. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní òun jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti dín àpò oúnjẹ inú rẹ kù nítorí ara tó wúwo jù. Ó ní ṣé èmi ni Bàbá Joshua Adéyẹyè, mo ní èmi ni. Ó ní èmi ni nẹ́sìtì-ọ́fù-kín rẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí ni ìgbà tí mo ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi ní báǹkì, tí akọ̀wé wọn ní kí n dárúkọ ẹni tí yóò gba owó náà bí mo bá kú, mo sì pe orúkọ rẹ. Nítorí náà ohun tí mo mọ nẹ́sìtì-ọ́fù-kín sí ni ẹni tí a ń pè nígbà tí èkejì rẹ̀ bá ti lọ. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti gbé ọ sí yàrá tútù ni. Ìyá rẹ gbọ́ yàrá tútù, igbá ẹ̀gúsí fò lọ́wọ́ rẹ̀, ó figbe ta, Ìbíwùmí sì sáré wọlé láti ojúlé kejì, ó ti tú gèlè sọ́wọ́ kí ó tó béèrè ẹni tó kú. Nọ́ọ̀sì náà wá ń pariwo nínú fóònù pé o wà láàyè, pé kí a jọ̀ọ́, o wà láàyè, àní àná ni ẹnì kan rí ọ lọ́jà.

Nígbà tí ilé rọlẹ̀, ó ní o kò wá fún àyẹ̀wò mọ́, wọ́n ń pè ọ́, o kì í gbé e. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, àṣírí ni láàárín ìwọ àti àwọn dókítà, mo sì yìn ín fún èyí. Ó wá ní òun lè sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan ṣá, ẹ̀mí mi sì jẹ́rìí pé ìwọ ni àwọn ènìyàn kan náà. Ó ní àwọn ènìyàn kan a máa fúyẹ́ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yá, díẹ̀ nínú ara tó lọ á tún padà, ojú á wá tì wọ́n, wọ́n á sì máa sá fún ilé-ìwòsàn nítorí òṣùwọ̀n tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í tẹ̀rù-tẹ̀rù pé ṣé èyí tí wọ́n gé ló tún ń hù bí ìrù alángbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, kì í hù, ṣùgbọ́n àpò náà lè fẹ̀ díẹ̀, ara a sì máa wá ọ̀nà padà síbi tó ti mọ̀. Ó ní ó wọ́pọ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè ọ́ lẹ́jọ́. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí ènìyàn tún dá oògùn amáralókun tí ó yẹ kó máa lò títí ayé dúró, kí ẹ̀jẹ̀ máa dín lára rẹ̀, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú bí igi, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Mo pe ẹnì kan lẹ́yìn èyí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe jẹ́ kí o mọ̀ pé òun ló sọ fún mi, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé òun ni bàbá Ògoolúwa. Ó ní o gun òṣùwọ̀n nínú yàrá, o sunkún, o sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní o ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ife tíì kí ó lè dàbí tíì. Ó ní o ti bọ́ aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni. Ní ti aago yẹn, n kò ní purọ́, mo kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí ó ti ń bà mí lẹ́rù tipẹ́: ọba Ísírẹ́lì kan ka àwọn ènìyàn rẹ̀ láyé àtijọ́, àjàkálẹ̀ àrùn sì wọlé tọ̀ wọ́n, mo sì ń rò ó pé kí ni yóò dé bá ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí aago náà wà lọ́wọ́ rẹ ni o máa ń rìn láàárọ̀ tí o máa ń kọrin bọ̀ nílé. Nísinsìnyí o kì í rìn, o kì í kọrin. Ẹniọlá, dá a padà sọ́wọ́. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ẹ̀rù mi fún ọ bó ti rí. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé wọn yóò gé nínú inú rẹ, èdè wa ló kó mi sí wàhálà. Inú ló ń dùn, inú ló ń bí ni, inú náà ni rere ń gbé. Mo rò pé dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá lè ṣèèṣì gé ibi tí ayọ̀ wà dànù. Mo bi àlùfáà wa, ó ní kí n lọ sinmi. Ìbíwùmí ní tirẹ̀ ní ó yẹ kí wọ́n fi èyí tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí ulé, kí a sin ín sẹ́yìnkùlé bí a ti ń sin ibi ọmọ, kí o má baà máa wá a kiri Èkó. Mo bá a wí nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ pé o kì í rẹ́rìn-ín mọ́, mo tún jókòó, mo ń rò ó.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ ti di ẹ̀bi náà ru ara rẹ̀. O rántí Àjíǹde tí o wá sílé, tí ó gúnyán dè ọ́. O kọ́kọ́ mú ẹja, o jẹ ẹ́, o tún mú ẹyin, lẹ́yìn náà ni o tó fọwọ́ kan iyán, èyí tó kéré bí ẹ̀pà, o sì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu títí ọbẹ̀ fi dì. O kò mu omi lé e, a kò sì mọ̀ nígbà náà pé àṣẹ dókítà ni. Ní ilé yìí, ẹran ni à ń jẹ kẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ. Ìyá rẹ wọ ilé ìdáná lọ, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ẹ̀kọ́ tí òun fún ọmọ òun, Ìbíwùmí sì tẹ̀ lé e, ó ní ọmọ tó bá wá sí ulé tí kò lè jẹ uṣu ìyá rẹ̀, ó ti ń bínú nù un. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ìyá rẹ ń di iṣu àti gàrí ránṣẹ́ sí ọ nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ, kí ìbínú rẹ lè rọ̀. Nísinsìnyí ó ní iṣu òun ló fẹ àpò náà padà. Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kò dárúkọ iṣu. Ó ní nọ́ọ̀sì kò mọ iṣu òun. Ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà ni yóò máa fi ránṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Èmi náà ti ń fi ẹja ṣáájú, kí o má baà dá nìkan ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó mú un, bí ẹni pé ìyá mi tó wà lọ́run ń bọ̀ wá gba àwo lọ́wọ́ mi. Comfort ìyá rẹ ní mo ti rí àwáwí.

Ohun tí kò kọ́kọ́ yé mi rárá ni ẹkún orí òṣùwọ̀n. Ọba Bábílónì kan wà tí a wọ̀n, ó fúyẹ́, ìjọba rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì kà nípa ẹni tó wúwo tó wá sunkún. Nínú kòkó pẹ̀lú, bí àpò bá wúwo, ẹ̀rín la máa ń bá dé ilé. Mo wá lọ sí ìsọ̀ Òjó tó ń ra kòkó lójú ọ̀nà Emùré, kí n lè mọ bí ó ti ń ṣe ẹni tó bá gun nǹkan náà. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ fìlà, mo gun pèpéle irin tí ó fi ń wọn kòkó. Òjó wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó ní Bàbá, ẹ kú oríire, láti ọjọ́ tí òun ti ń rajà, òun kò tíì rí kòkó tó gbẹ tó yín. Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹniọlá, ojú tì mí. Nọ́ńbà lásán ni, n kò sì jí nǹkan, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Níbẹ̀ ni mo ti mọ díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe ọ́.

Bí mo ti ń wá bàtà mi ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Folúkẹ́ gbé kòkó tirẹ̀ dé. Òjó ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó fún kòkó náà lọ́wọ́, ó ní ó tutù. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún pé òun ti sá a gbẹ kanrin, òjò ló pa á lọ́nà, kí ni òun tún fẹ́ wá ṣe sí i. Òjó ní kí ó pa ẹnu dé, ta ni òjò kò pa kòkó rẹ̀ rí, kí ó lọ sá a, kí ó sì gbé e padà wá. Kò sọ pé kí ó dà á nù. Kò sì pè é ní ọ̀lẹ. Mo rò ó bọ̀ nílé: kòkó tó ti gbẹ tí òjò tún pa, kòkó náà ni. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, sá méjì ni mo máa ń fi ẹfun kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n lè mọ̀ pé sá kan wà tó jẹ́ ti oòrùn, sá kan wà tó jẹ́ ti ẹsẹ̀. Kòkó là ń sá, a kì í sá fún òṣùwọ̀n.

Má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. O rántí Tíṣà Adéọlá tó kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó máa wá kí wọ́n máa wò ó. Ó lọ, ó lọ, nígbà tó yá ó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ náà ń bú òun lójú àwọn ọmọdé tí òun kọ́ ní ABD, òun kò lọ mọ́. Ó ń wá sí ìsìn, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín, a rò pé ara le. Abẹ́ igi kòkó rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ọ̀bẹ oko ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ka àdúrà nídìí ibojì, ohun tí mo sì ń rò ni pé nọ́ńbà kò pa á, ìtìjú ló pa á. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn ti pè ni fóònù kì í dún kí àyà mi má já. Ìyá rẹ ti fi aṣọ wé e, ó ní bóyá ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀.

Nítorí náà, owó ni mo ń tọrọ. N kò béèrè ti òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ gan-an. Owó ọkọ̀ wá sí Èkó ni, àlọ nìkan. Jọ̀ọ́, má fi í sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà kan, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi í rán awakọ̀. Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wọn, pé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó papọ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. A ó jọ lọ. Èmi ni n ó kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n, ìwọ yóò ka nọ́ńbà mi sókè, kí o fi mí rẹ́rìn-ín tó bí o bá ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ìwọ yóò gùn ún, èmi yóò sì kọjú sí ògiri, n kò ní wò. Bí o kò bá fi owó náà ránṣẹ́, n ó ta kòkó yìí ní tútù, n ó sì wá náà ni.

Èmi bàbá rẹ, Joshua Adéyẹyè, mo gbé ọwọ́ yìí sókè sórí ilé rẹ. Kí Ọlọ́run tó mọ ìwọ̀n òkè àti ti ekuru má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ènìyàn. Kí oúnjẹ kékeré ó tó ọ, kí oògùn ó jẹ́ fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ ó máa mọ ilẹ̀. Kí Morákinyọ̀ má ṣe di opó ọkùnrin, kí Ògoolúwa má ṣe wá ìyá rẹ̀ tì. Kí ẹ̀rín ó padà wọ ilé yín, kí ó jókòó, kí ó sì máa bá yín gbé. Àmín.