Àwọ̀n Irin Tí Bàbá Rẹ Ṣe Kẹ́yìn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé o ti ń rí oorun sùn? Ní tèmi, mo wà, mo ń jẹun nígbà tí mo bá rántí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀n irin tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì wọn lò ń retí. O bẹ̀ mí lórí fóònù, o ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rún. Òun lọwọ́ bàbá mi kàn kẹ́yìn." Ọmọ mi, mo ti tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó bínú.

O mọ irú irin wa. A máa ń yọ́ ọ, a ó sì jẹ́ kó tutù wàràwàrà, kí inú rẹ̀ má ráyè tò létòlétò bí ti irin yòókù. Bí ti dígí ló máa ń rí. Ó le ju irin lásán lọ, àmọ́ bó bá nípọn, ṣe ló máa fọ́ bí àwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi yà á bí àwọ̀n, ọ̀pá tín-ín-rín lórí ọ̀pá tín-ín-rín, kó lè máa ká wálẹ̀ bí nǹkan bá kọlù ú, kó gba ìyà náà fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn la fẹ́ fi í sí. Èmi ń yàwòrán, bàbá rẹ ń ṣe é. Wọ́n á ní ìyàwó àwọn ń ro ohun tí ọwọ́ èèyàn ò lè ṣe, wọ́n á sì lọ ṣe é.

Mẹ́ta ni wọ́n ṣe kí àìsàn tó gbé wọn dálẹ̀. A ti fi ẹ̀rọ tẹ méjì lójú ayé wọn, láti dán agbára rẹ̀ wò. Àwa tó kù níbi iṣẹ́ gbìyànjú láti ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ìkánjú ò jẹ́ ká dúró kí ìpele kan tutù kí a tó gbé ìkejì lé e, gbogbo rẹ̀ ló fọ́ yángá. Ọ̀gá wa wá sọ pé bí a kò bá tẹ ẹ̀kẹta, ẹ̀rí pé iṣẹ́ wa dára ò pé, wọn yóò sì gba yàrá ìwádìí wa fún ẹlòmíràn. Mi ò lè sin bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

O rántí pé ẹni tó bá ṣe é ló ń gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá rẹ á fi èékánná kàn án, wọ́n á sọ fún un pé, "Ṣe akin, má ṣe agídí." Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa kàn dúró, bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo gbé e síbẹ̀, mo kàn án, mo gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà. Ibi "má ṣe agídí" lohùn mi ti já. Mo sunkún lójú gbogbo wọn, ojú ò tì mí.

Ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. Àwọ̀n náà ò ṣẹ́. Ìpele kan gbà á, ó ká, òmíràn gbà á, títí ẹ̀rọ fi dúró. Iṣẹ́ náà ti yege. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ìbànújẹ́ tó bá tẹ̀ ọ́ ò ní ṣẹ́ ọ. Wàá gbó, wàá tọ́, ọmọ tìrẹ náà á kẹ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ,
Màmá

Mo gbàgbé: mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọ, mo fi aṣọ ìnura bàbá rẹ wé e. Ó ti kúrú, kò lẹ́wà mọ́. Má gbìyànjú láti nà án padà. Dojú rẹ̀ dé, kí o wo ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyà náà ò dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ló ṣì wà.