Olólùfẹ́ Orí Fóònù Ìyàwó Mi Ti Di Mẹ́ta

Olóòtú ètò orí rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bèèrè orúkọ mi. Táyà ni mò ń lẹ̀.

Ìyàwó mi ń tẹ̀lé ọkùnrin kan lórí fóònù, Àgbà Olóòótọ́. Tó bá jí, òun ló kọ́kọ́ ń kí, ìyẹn náà á sì kí i padà. Àgbà ní kí gbogbo èèyàn gé káàdì ìdìbò wọn, ìyàwó mi sì ti gbé sísọ́ọ̀sì.

Owú gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ó tẹ fóònù ìyàwó mi tí mo mú lọ, ó rí àwọn tó ń ṣàkóso ojú ìwé Àgbà, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹni mẹ́ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ Àgbà yìí, òkè òkun ni wọ́n jókòó sí!"

Mo sáré lọ sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kí mi láàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ti jí káàdì ìdìbò rẹ̀ pamọ́ sínú táyà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ìyàwó láàárọ̀?